Ojú Tí Ó Ń Ṣọ́ Ilẹ̀kùn

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ó dájú pé ẹ ti rí kámẹ́rà aṣọ́lé rí. Wọ́n á kàn án mọ́ òkè ilẹ̀kùn, wọ́n á so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì ilé, onílé á sì jókòó síbi iṣẹ́, á máa fi fóònù wo ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé àwọn olówó ńlá ló kọ́kọ́ ronú kan irú ẹ̀ṣọ́ báyìí fún ilé gbígbé. Rárá o! Nọ́ọ̀sì kan tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀ ni.

Marie Van Brittan Brown ni orúkọ rẹ̀. Aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà ni, Queens ní ìlú New York ló ń gbé. Albert, ọkọ rẹ̀, mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ dáadáa. Iṣẹ́ tọkọtaya yìí kì í jẹ́ kí wọ́n fìgbà gbogbo wà nílé pọ̀, olè sì ń jà ládùúgbò. Bí èèyàn bá ké sí ọlọ́pàá, wọn kì í tètè dé. Ẹ wo obìnrin tó dá wà nílé lóru, tí ẹnìkan ń kan ilẹ̀kùn gbà-gbà-gbà. Ṣé kó ṣí i ni, àbí kó má ṣí i?

Ní 1966, wọ́n kọ̀wé sí ìjọba pé àwọn ti rí ọgbọ́n kan dá sí i. Ihò mẹ́rin ni wọ́n ní kí ilẹ̀kùn ní, ọ̀kan ga ju ọ̀kan lọ, kí àgbà àti ọmọdé má ṣe fara pamọ́. Kámẹ́rà á máa lọ sókè sódò lẹ́yìn àwọn ihò náà, àwòrán á sì jáde lórí tẹlifíṣàn ní yàrá. Láti orí ibùsùn, onílé lè bá àlejò sọ̀rọ̀, ó sì lè tẹ bọ́tìnnì kí ilẹ̀kùn ṣí. Bó bá jẹ́ olè ló dé, bọ́tìnnì mìíràn wà tí á fi ké gbàjarè. Ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá ọdún 1969 ni ìjọba Amẹ́ríkà fún wọn níwèé àṣẹ, nọ́ńbà 3,482,037.

Ẹ kíyè sí i: ẹni tí onílé bá fẹ́ nìkan ló lè rí àwòrán yẹn. Kò sí bí ẹni tó wà lókè òkun ṣe lè bá a wò ó.

Ta ló wá mú ojú kámẹ́rà jáde sí ìgboro ayé? Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ìkòkò kọfí ni! Ní 1991, ó sú àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Cambridge, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti máa rìn lọ síbi kọfí kí wọ́n tó rí i pé ó ti tán. Wọ́n bá dojú kámẹ́rà kọ ìkòkò náà, kí kálukú lè máa wò ó lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Nígbà tó di 1993, wọ́n gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbogbo ayé wá ń wo ìkòkò kọfí, títí wọ́n fi pa kámẹ́rà náà ní 2001.

Ní 1996, ilé-iṣẹ́ Axis ní Sweden gbé Neteye 200 jáde. Kámẹ́rà yìí kò nílò kọ̀ǹpútà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí kọ̀ǹpútà kékeré wà nínú òun fúnra rẹ̀. Wáyà ni wọ́n ń so mọ́ ọn nígbà náà. Lónìí, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé, tí wọ́n ń pè ní router, á fún kámẹ́rà ní àdírẹ́sì tirẹ̀ láìsí wáyà, iṣẹ́ sì parí.

Iṣẹ́ kò tíì parí o! Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ló jẹ́ pé pásíwọ́ọ̀dù kan náà ni wọ́n fi ń ti ilé-iṣẹ́ jáde. Ó dà bíi kí èèyàn ra àgádágodo lọ́jà, kó má mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ wà lápò gbogbo ará ọjà. Ní 2016, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà ṣe ètò burúkú kan tí wọ́n pè ní Mirai. Kò jálẹ̀kùn rárá. Irú pásíwọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀, bíi ọgọ́ta, ló ń dán wò lára kámẹ́rà àti router káàkiri ayé, àìmọye ló sì ṣí fún un. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, wọ́n fi irú àwọn ẹ̀rọ tí Mirai ti kó lẹ́rú báyìí kọlu ilé-iṣẹ́ Dyn, tó ń júwe ọ̀nà fún àwọn tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì. Fún ọ̀pọ̀ wákàtí, Twitter àti Netflix ṣòro í dé fún ọ̀pọ̀ èèyàn ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó ni kámẹ́rà ńkọ́? Wọ́n ń sùn. Wọn ò mọ̀ pé ọdẹ tí àwọn gbà sẹ́nu ọ̀nà ti bá olè lọ sóde.

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Láti ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin 2024, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ka irú pásíwọ́ọ̀dù àjùmọ̀lò bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ lára ẹ̀rọ tí wọ́n bá ń tà. Ṣùgbọ́n òfin yẹn kò lè bá yín dé ara kámẹ́rà tó ti wà lára ògiri yín. Ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ yí pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é bá fi àtúnṣe ránṣẹ́, ẹ gbà á sínú rẹ̀. Bí ẹ ò bá sì nílò láti máa wò ó láti òkèèrè, ẹ ti ọ̀nà yẹn pa.

Ní 1999, Marie Brown fi ayé sílẹ̀. Ohun tó ń bi ara rẹ̀ lóru ni, “Ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà?” Àwa tí a jogún ọgbọ́n rẹ̀ ní láti bi ara wa ní èkejì: ta ló ń bá wa wò ó?