Ọ̀nà Méjì Tí A Fi Ń Pín Ọkọ̀ sí Ìsọ̀rí

Ní Asese, lẹ́bàá òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ètò méjì ni a fi ń mọ ọkọ̀ yàtọ̀ síra: ti ìjọba, àti ti èrò.

Láti ọ̀dọ̀ òyìnbó amúnisìn ni ti ìjọba ti ṣẹ̀. Wọ́n kó òfin ilé wọn wá, wọ́n ń pe takisí ní hackney carriage, bọ́ọ̀sì ní stage carriage. Ìgbà tí ẹṣin ń fa kẹ̀kẹ́ èrò ni orúkọ wọ̀nyí ti wà! Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988 pẹ̀lú Wọlé Ṣóyínká gẹ́gẹ́ bí alága àkọ́kọ́, ń fi ìwọ̀n ọkọ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀ pín ìwé àṣẹ awakọ̀: A fún alùpùpù, G fún tírélà. Ìwọ̀n tọ́ọ̀nù 3 jẹ́ ààlà pàtàkì níbẹ̀. Nọ́ńbà ọkọ̀ náà ń sọ tirẹ̀: lẹ́tà búlúù fún aládàáni, pupa fún akérò, àwọ̀ ewé fún ìjọba. Lójú márosẹ̀ yìí, tí wọ́n ṣí ní 1978, ohun tí tírélà ń san tẹ́lẹ̀ ní tólgéètì kì í ṣe ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ìjọba Ọbásanjọ́ wó àwọn géètì náà ní 2004, ṣùgbọ́n kọ̀ńdọ́ ṣì ń ké "Tólgéètì!"

Èrò kì í béèrè tọ́ọ̀nù. Bí wọ́n ṣe máa jókòó ni wọ́n ń wò. Bọ̀lẹ́kájà ni ti àtijọ́: orí Bedford níwájú, káfíńtà kan pákó sẹ́yìn rẹ̀, èrò, iṣu àti adìyẹ jọ ń lọ. Mólùẹ́ tẹ̀ lé e, ara tí wẹ́dà ìlú wa kàn sórí ẹsẹ̀ Mercedes 911. Danfo Volkswagen kéré sí i, kòrópe tún kéré sí danfo. Kẹ̀kẹ́ Márúwá jogún orúkọ Buba Marwa, tó ṣe gómìnà ológun Èkó láti 1996 sí 1999. Ọ̀kadà gba tirẹ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ bàálù Okada Air, èyí tí mo gbà pé ó jẹ́ àwàdà tó dáa jù lọ nínú gbogbo wọn.

Kábùkábù ló da ètò méjèèjì rú. Lẹ́tà búlúù ni nọ́ńbà rẹ̀, síbẹ̀ èrò mẹ́rin ti fún ara wọn pọ̀ sẹ́yìn. Bí ẹ̀ṣọ́ bá dá a dúró, dírẹ́bà á ní mọ̀lẹ́bí òun ni wọ́n. Ìyá tó gbé agbọ̀n tòmátì sórí itan á sì tètè fèsì pé, "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni," kó tó bẹ ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé kó bá òun béèrè orúkọ dírẹ́bà náà.