Sertão

Sertão ni wọ́n ń pe ìgbèríko gbígbẹ tó jìnnà sí etíkun ní àríwá ìlà-oòrùn Bràsíìlì. Ó gba inú ìpínlẹ̀ Ceará, Pernambuco, Paraíba, Bahia àti àwọn mìíràn tó múlé tì wọ́n kọjá. Ọmọ ibẹ̀ ni sertanejo. Bahia yìí kan náà ni Salvador wà, níbi tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ Yorùbá lọ lẹ́rú, àmọ́ etí òkun ni Salvador. Ẹni tó ń lọ sí sertão máa kọ ẹ̀yìn sí òkun ni.

Àlàyé tó gbajúmọ̀ jù ni pé ara "desertão", ìyẹn aṣálẹ̀ ńlá, ni wọ́n ti gé orúkọ náà. Ó dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn onímọ̀ èdè kò kò lé e lórí, ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò sì gbè é lẹ́yìn tó. Lọ́dún 1500 tí ọkọ̀ àwọn Potogí kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí Bràsíìlì, Pero Vaz de Caminha, akọ̀wé tó bá wọn lọ, lo ọ̀rọ̀ náà nínú lẹ́tà tó kọ sí ọba wọn. Ohun tó ń ròyìn ni ilẹ̀ tó lọ salalu, tó jẹ́ pé igi nìkan ni ojú rí láti orí omi. Kò sí ọ̀gbẹlẹ̀ níbẹ̀ rárá. Ní Àǹgólà pàápàá, sertão ni àwọn Potogí pe ilẹ̀ tó jìnnà sí òkun. Jíjìnnà yìí gan-an ni mo gbà pé ó jẹ́ ìtumọ̀ rẹ̀ látilẹ̀.

Ọ̀dá ló sọ orúkọ náà di ti ilẹ̀ gbígbẹ. Èyí tó jà láti 1877 sí 1879 fi ebi àti àrùn pa ènìyàn lọ bẹẹrẹ ní Ceará, àwọn tó kù sì ṣí lọ sí etíkun àti igbó rọ́bà Amazon. Caatinga ni igbó sertão ń jẹ́, "igbó funfun" lédè Tupi, nítorí pé bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ewé á wọ́ dànù, èèpo igi á sì funfun gbòò. Igi umbu ní tirẹ̀ ń fi gbòǹgbò wíwú pa omi mọ́. Darandaran ibẹ̀ máa ń wọ awọ láti fìlà dé ṣòkòtò, kí ẹ̀gún má baà ya á lára.

Ìwé Os Sertões tí Euclides da Cunha tẹ̀ jáde lọ́dún 1902, lórí ogun Canudos tó jà ní sertão Bahia, ló gbé orúkọ náà dé etí gbogbo Bràsíìlì. Síbẹ̀, ìtumọ̀ àtijọ́ kò kú. Ìgbèríko São Paulo àti Goiás, tí òjò ti ń rọ̀ dáadáa, ni orin tí wọ́n ń pè ní sertanejo ti fẹsẹ̀ múlẹ̀.