Ta Ni Kí A Máa Ṣọ́? Jẹjẹrẹ Òkè Ọ̀nà Ìtọ̀ Lẹ́yìn Ìtọ́jú Àpò Ìtọ̀

Bí a bá kó ọgọ́rùn-ún ènìyàn jọ tí wọ́n ti tọ́jú jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ wọn kó tó wọ iṣan àpò náà, àwọn tí kókó tuntun máa ń yọ nínú kíndìnrín wọn, tàbí nínú ọ̀pá tó ń gbé ìtọ̀ wá láti ibẹ̀, kì í sábà tó 5. Mo gba iye náà gbọ́. Ohun tí wọ́n ń fi í ṣe ni n kò fara mọ́. Ó ti di àwáwí fún yíyẹ inú àpò nìkan wò.

Ní 1997, àwọn oníṣègùn Memorial Sloan Kettering ní New York gbé àbọ̀ jáde lórí aláìsàn 86 tí jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ wọn le, tí wọ́n tọ́pa wọn títí di ọdún 15. Bí ẹnì kan nínú márùn-ún ló ní kókó lókè, nínú kíndìnrín tàbí ọ̀pá. Iye méjèèjì kò ta kora. Iye kékeré yẹn da ẹni tí kókó rẹ̀ kò nípá pọ̀ mọ́ ẹni tí tirẹ̀ burú, ìṣọ́ sì tètè parí.

Kí ló ń gbé jẹjẹrẹ dé òkè? Irú awọ kan náà ló tẹ́ inú kíndìnrín, ọ̀pá àti àpò. Oró sìgá tí ìtọ̀ ń gbé kọjá ń kan gbogbo wọn. Àwọn mìíràn ní sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ló já, tó lọ so mọ́ ibòmíràn. Wọ́n ní ẹ̀rí: omi kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ìtọ̀ àwọn kan ń ti inú àpò padà sókè, kókó òkè sì wọ́pọ̀ lára wọn ju ti ẹlòmíràn lọ dáadáa. Síbẹ̀, ẹni tí wọ́n gé àpò rẹ̀ kúrò pátápátá ṣì lè ní in lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, mẹ́rin. Lójú tèmi, awọ tó ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀ ló ṣàlàyé ìyẹn jù.

BCG, àjẹsára ikọ́ ẹ̀gbẹ tí a ń gún fún ọmọ tuntun nílé wa, ni wọ́n ń dà sínú àpò láti dojú kọ jẹjẹrẹ náà. Kì í sábà dé òkè. Nítorí náà, bí àyẹ̀wò ìtọ̀ bá fi sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ hàn, tí àpò sì mọ́, òkè ló yẹ kí a wò.

Ẹgbẹ́ oníṣègùn ọ̀nà ìtọ̀ ti Yúróòpù ní kí ẹni tí ewu rẹ̀ pọ̀ máa ya àwòrán òkè déédéé. Alátakò á ní owó àwòrán CT wọ́n, ìtànṣán rẹ̀ kì í ṣe ohun eré, àti pé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ àpò, ìrora tàbí ẹ̀jẹ̀ ló ń tú ọ̀pọ̀ kókó wọ̀nyí fó, kì í ṣe àwòrán. Òótọ́ ni. Ìdí nìyí tí n kò fi ní ẹni tó ní kókó kékeré kan ṣoṣo lọ́kàn. Ẹni tí kókó rẹ̀ pọ̀, tí ó wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀pá, tàbí tí jẹjẹrẹ wà ní etí ibi tí wọ́n ti gé ọ̀pá nígbà tí wọ́n ń yọ àpò kúrò, ni mo ń sọ. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá tọ ẹ̀jẹ̀ ní ọdún kẹwàá, kí wọ́n má fún un ní oògùn kòkòrò àrùn kí wọ́n sì ní kó máa lọ ilé láìya àwòrán kíndìnrín méjèèjì.