Òjijí, Èso Esere àti Ìtàn Bí Iṣan Ìmọ̀lára Ṣe Ń Jíṣẹ́

Ní agbègbè Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, apẹja tó mọ òjijí kì í fi ọwọ́ lásán yọ ọ́ nínú àwọ̀n. Ẹja inú omi tí kò níyọ̀ ni, irú èyí tó wà ní ọ̀sà Lẹ́kí ní ìlà-oòrùn Ẹ̀pẹ́. Ó sì lè gbé ènìyàn jìgì bí iná ẹ̀lẹ́tíríìkì. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé ẹja yìí àti èso kan láti Kàlàbá wà lára ohun tó jẹ́ kí ayé mọ bí iṣan ìmọ̀lára ṣe ń jíṣẹ́.

Ní 1791, Galvani ará Ítálì kéde pé agbára mànàmáná wà nínú ara àkèré. Iyàn pọ̀ lórí rẹ̀, títí Du Bois-Reymond ní Jámánì fi ẹ̀rọ wọn agbára náà nínú iṣan ní àwọn ọdún 1840. Ní 1857, òjijí láàyè tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ní Berlin. Àwọn míṣọ́nnárì ni wọ́n kó wọn láti Kàlàbá. Agbára ẹja yìí lè tó 350 fólítì, bẹ́ẹ̀ sẹ́ẹ̀lì ìmọ̀lára méjì péré ló ń pàṣẹ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àlàfo tín-ín-rín wà láàárín sẹ́ẹ̀lì kan àti èkejì. Kí ló ń gbé iṣẹ́ kọjá níbẹ̀? Ní 1921, Loewi ní Austria da omi tó yí ọkàn àkèré kan ká sórí ọkàn mìíràn. Èyí náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í lù díẹ̀díẹ̀. Kẹ́míkà ló jíṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tó fi ń pòórá. Esere ló tú àṣírí ìyẹn. Láyé àtijọ́, àwọn Efik máa ń fún ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ kàn ní esere jẹ. Láti ara orúkọ yìí ni wọ́n ti pe oró inú rẹ̀ ní eserine ní 1865. Ní 1926, Loewi àti Navratil fi hàn pé oró yìí kì í jẹ́ kí acetylcholine túká. Iṣẹ́ tí a ti jẹ́ kò wá dáwọ́ dúró mọ́. Ohun tó fi ń pani nìyẹn. Ní 1934, Mary Walker fi oró kan náà tọ́jú aláìsàn tí iṣan rẹ̀ ti rọ, ní London. Loewi àti Dale gba ẹ̀bùn Nobel ní 1936.

Ní àgbálọgbábọ̀, òjijí so ọ̀nà méjèèjì pọ̀: mànàmáná ló ń gba inú iṣan rẹ̀ kọjá, acetylcholine ló sì ń ré àlàfo. Orúkọ esere ti wọ ìwé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Ti òjijí kò wọ̀ ọ́. Olùkọ́ tó bá fi òjijí ṣe àpẹẹrẹ ní kíláàsì kò rọ ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún ọmọ; ibi tí ìmọ̀ náà gbà wá ló fi hàn án.