Ìràwọ̀ Lórí Àwo Dígí: Àwòrán Ojú Ọ̀run ní Cape of Good Hope, 1882

Ó rọrùn láti gbà pé kámẹ́rà àti èròjà orí àwo dígí ni ó sọ àwòrán ìràwọ̀ di ohun tí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ lè gbára lé. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Cape of Good Hope, ní Gúúsù Áfíríkà, ní ọdún 1882 fi hàn pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Bí a ṣe borí yíyí ilẹ̀ ayé ni kókó.

Ilẹ̀ ayé a máa yí po ní nǹkan bí wákàtí 23 àti ìṣẹ́jú 56. Bí a bá gbé kámẹ́rà kalẹ̀ sójú kan, tí a ṣí i sílẹ̀ fún wákàtí kan, ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò fa ìlà tí ó tẹ̀ ní ìwọ̀n dìgírì 15. Èyí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kéré kò ní fi ipa kankan sílẹ̀, nítorí kò pẹ́ lójú kan.

Ní ọdún 1850, William Cranch Bond àti John Adams Whipple ya ìràwọ̀ Vega ní Harvard, ní Amẹ́ríkà, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 100. Ìràwọ̀ tí ó mọ́lẹ̀ gan-an nìkan ni irú àwo bẹ́ẹ̀ lè gbà. Àwo olómi tí ó tẹ̀ lé e kò ṣeé ṣí pẹ́, nítorí bí ó bá ti gbẹ ni agbára rẹ̀ dópin. Àwo gbígbẹ, tí Richard Leach Maddox pilẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1871, ni ó mú ìdènà yìí kúrò.

Nígbà tí ìràwọ̀ onírù ńlá yọ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1882, David Gill ni olórí ilé ìwòràwọ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Cape. Ó wá ìrànlọ́wọ́ Allis, ayàwòrán kan ládùúgbò náà. Kámẹ́rà tí a fi ń ya ènìyàn ni wọ́n lò, ṣùgbọ́n wọ́n dè é mọ́ awò awọ̀nàjíjìn tí ẹ̀rọ bíi ti aago ń yí tẹ̀lé ojú ọ̀run. Nígbà tí wọ́n ṣí i fún ohun tí ó ju wákàtí kan lọ, kì í ṣe ìràwọ̀ onírù nìkan ni ó hàn. Ogunlọ́gọ̀ ìràwọ̀ ni ó jókòó sórí àwo náà. Gill rí i pé ohun tí ojú ń fi ọdún gbọọrọ kà lẹ́yọ lẹ́yọ ni àwo kan lè kó jọ lóru kan.

Láti inú èrò yìí ni iṣẹ́ ńlá ti jáde. A ya ojú ọ̀run ìhà gúúsù ní Cape; J. C. Kapteyn sì wọn àwọn àwo náà ní Groningen, ní ilẹ̀ Hóláǹdì. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ láàárín 1896 sí 1900 to ìràwọ̀ 454,875 lẹ́sẹẹsẹ.

Síbẹ̀, ìlà tí kámẹ́rà adúrósójúkan ń yà kì í ṣe àṣìṣe lásán. Ní ìhà gúúsù, níbi tí kò sí ìràwọ̀ tí ó mọ́lẹ̀ ní ìdí òpó ọ̀run, àárín àwọn ìlà wọ̀nyí ni ó ń tọ́ka sí òpó náà. Níbi tí ẹ̀rọ bá ti borí yíyí ayé, ìràwọ̀ ni a rí kà; níbi tí yíyí ayé bá ti borí, ilẹ̀ ayé fúnra rẹ̀ ni a yà.