Ìjọba Tiwa-n-tiwa, Ìdojúdé Rẹ̀ ní Nàìjíríà (1962–1966)

Ìjọba tiwa-n-tiwa kì í sábà wó lọ́jọ́ kan. Òfin gan-an ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ nídìí. Ní 29 Oṣù Karùn-ún 1962, ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn tí àwọn aṣòfin Agbègbè Ìwọ̀-Oòrùn ju àga lu ara wọn n'Ìbàdàn, ilé aṣòfin àpapọ̀ tó wà létí Pápá Ìsáré Ẹṣin ní Erékùṣù Èkó kéde ìjọba pàjáwìrì lé agbègbè náà lórí. Ìjà aṣòfin (tí ọlọ́pàá ti fi tajútajú tú ká) ha tó bẹ́ẹ̀ bí? Nígbà tí pàjáwìrì parí, Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, padà sípò ní 1963 láìsí ìbò. Ìgbìmọ̀ onídàájọ́ Ọbabìnrin ní Lọ́ńdọ̀nù dá Adégbẹ́nró, tó ń bá a du ipò náà, láre. Kíá ni wọ́n tún òfin ṣe, tí wọ́n sì mú un ṣiṣẹ́ padà sẹ́yìn kí ìdájọ́ náà lè di òfo. Ní Oṣù Kẹsàn-án, ilé ẹjọ́ l'Ékòó rán Awólọ́wọ̀, olórí àwọn alátakò nílé aṣòfin àpapọ̀, lẹ́wọ̀n ọdún 10.

Àwọn kan ní àwọn ológun tó dìtẹ̀ gbàjọba ní 15 Oṣù Kìíní 1966 ló ba nǹkan jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀: èrú ìbò Ìwọ̀-Oòrùn ní Oṣù Kẹwàá 1965 àti iná "wẹ́tìẹ̀" (fífi epo bẹntiróòlù wẹ èèyàn àti ilé, kí wọ́n tó dáná sun wọ́n) tó tẹ̀ lé e ti fi hàn pé ìbò kò lè lé aláṣẹ kúrò mọ́. Ìjọba alágbádá kò padà títí di 1 Oṣù Kẹwàá 1979.