ÀÁRÓ INÚ Ẹ̀RỌ: ÌTÀN ÌWÉ ÀṢẸ TÍ A KÌ Í KÀ

Àwọn àgbà ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà. Kí àwọn bàbá wa tó kúrò nílé wá ṣiṣẹ́ ní Port Harcourt, ìlú èbúté yìí, ni wọ́n ti mọ ohun tí à ń pè ní àáró. Bí a bá bá Àkànní ro oko rẹ̀ lónìí, Àkànní yóò bá wa ro tiwa lọ́la. Ẹni tí ó bá gba àáró tí kò san án padà, kò ní í rí ẹni bá a ro oko mọ́. Ìtàn tí a fẹ́ sọ nínú ìwé ìrántí tọdún yìí, ìtàn àáró kan ni, èyí tí ó wà nínú ilé olúkúlùkù wa láìjẹ́ pé a mọ̀.

Bí a bá ra tẹlifíṣàn ìgbàlódé tàbí ẹ̀rọ tí ń pín íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé ní Aba Road tàbí ní Mile 1, ìwé pélébé kan sábà máa ń wà nínú páálí rẹ̀. Nínú fóònù, ó wà níbi tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ òfin sí. Ọ̀pọ̀ wa ni kì í kà á. Síbẹ̀, ìwé náà ń sọ pé ètò tí ń darí ẹ̀rọ náà, tàbí apá kan rẹ̀, kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é nìkan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn káàkiri ayé ló kọ ọ́, wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ fún aráyé, wọ́n sì fi àdéhùn tì í lẹ́yìn. Èyí tí ó lókìkí jù nínú àwọn àdéhùn wọ̀nyí ni GPL.

BÍ Ọ̀RỌ̀ ṢE BẸ̀RẸ̀

Ní nǹkan bí ọdún 1980, ọ̀gbẹ́ni Richard Stallman ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Xerox kan tí wọ́n ń lò níbẹ̀ a máa há pépà. Stallman fẹ́ tún ètò inú rẹ̀ ṣe kí ó lè máa ta àwọn ènìyàn lólobó bí pépà bá há, ṣùgbọ́n kò rí kóòdù rẹ̀ gbà. Kóòdù ni ohun tí a kọ bí ẹ̀rọ yóò ṣe ṣiṣẹ́ sí. Ẹni tí kò ní in dà bí ẹni tí wọ́n gbé ọbẹ̀ fún tí kò mọ ohun tí wọ́n fi sè é. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Ní oṣù kẹsàn-án 1983 ó kéde iṣẹ́ GNU, ní 1989 ó sì gbé ìwé àṣẹ GPL jáde. Ẹ̀dà rẹ̀ kejì jáde ní 1991. Ọdún yẹn kan náà ni Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ Finland, bẹ̀rẹ̀ Linux, ó sì fi í sábẹ́ GPL ní 1992.

Àdéhùn náà kò le. Ẹnikẹ́ni lè lò ó, ó lè tún un ṣe, ó sì lè tà á kí ó jèrè. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbé e fún ẹlòmíràn, ó gbọ́dọ̀ fún onítọ̀hún ní kóòdù rẹ̀, tàbí kí ó ṣèlérí pé òun yóò fún un bí ó bá béèrè. Àáró gan-an nìyẹn.

Ọ̀RỌ̀ DÉ KÓÒTÙ

Ní 2003, ọdún tí Cisco ra ilé iṣẹ́ Linksys, àwọn tí ń tú ẹ̀rọ wò rí i pé Linux ló wà nínú ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì WRT54G tí Linksys ń tà, láìsí kóòdù fún ẹni tí ó rà á. Wọ́n fi igbe ta. Kí ọdún náà tó parí, kóòdù jáde. Ní 2004, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ OpenWrt láti inú rẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ títí di òní nínú oríṣiríṣi ẹ̀rọ, títí kan èyí tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é ti gbàgbé.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ní Jámánì, Harald Welte, ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ Linux, pe Sitecom lẹ́jọ́. Ní 2004 kóòtù Munich fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé GPL lágbára lábẹ́ òfin. Ní Amẹ́ríkà, àwọn méjì tí ó kọ BusyBox pe Monsoon Multimedia lẹ́jọ́ ní oṣù kẹsàn-án 2007; kò pẹ́ tí wọ́n fi parí rẹ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí. Westinghouse Digital ló rí pupa ojú òfin. Kò bá ẹjọ́ tirẹ̀ dé òpin, ní 2010 adájọ́ kan ní New York sì ní kí ó san $90,000, kí ó sì kó àwọn tẹlifíṣàn tí ọ̀rọ̀ kàn sílẹ̀.

Ẹjọ́ tí ó kan irú wa jù ni èyí tí Software Freedom Conservancy pe Vizio ní California ní oṣù kẹwàá 2021. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí ó kọ kóòdù ló sábà ń pe ẹjọ́. Ẹgbẹ́ yìí ní àwọn ra tẹlifíṣàn lọ́jà bí ẹnikẹ́ni, nítorí náà àwọn lẹ́tọ̀ọ́ sí kóòdù gẹ́gẹ́ bí oníbàárà. Wọn kò béèrè owó; kóòdù ni wọ́n béèrè.

ILÉ ŃKỌ́?

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni. Ní 2007, LANCOR, ilé iṣẹ́ tí àwọn ọmọ Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, pe ẹgbẹ́ One Laptop Per Child lẹ́jọ́ ní Kóòtù Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó. Ó ní wọ́n jí ọgbọ́n kíbọ́ọ̀dù Konyin, tí òun ṣe kí a lè fi àmì sí èdè wa, lò fún kọ̀ǹpútà àwọn ọmọdé. Ẹgbẹ́ náà ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ yẹn kì í ṣe ti GPL, ṣùgbọ́n gbòǹgbò kan náà ni: iṣẹ́ ọpọlọ ní ẹni tí ó ni ín. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ tuntun, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta 2023, ka ètò kọ̀ǹpútà mọ́ iṣẹ́ tí òfin ń dáàbò bò.

Kí ló wá kàn wá? Tecno, Infinix tàbí Samsung tí ó wà lọ́wọ́ wa, Android ló pọ̀ nínú wọn, Linux sì ni ìpìlẹ̀ Android. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ilé iṣẹ́ kì í fi àtúnṣe ránṣẹ́ mọ́, ihò tí olè lè gbà dé ibi owó wa a sì wà ní ṣíṣí sílẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wa ló lè ra tuntun. Bí kóòdù bá dé ọwọ́ àwọn ọmọ wa tí ń tún fóònù ṣe ní Garrison, ó lè mú kí fóònù pẹ́ sí i. Òótọ́ ni pé kóòdù Linux nìkan kì í tó. TiVo, ẹ̀rọ tí ń gba ètò tẹlifíṣàn sílẹ̀, fún ènìyàn ní kóòdù, ṣùgbọ́n kò gbà kí èyí tí ẹlòmíràn tún ṣe ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Èyí wà lára ohun tí ó mú kí ẹ̀dà kẹta GPL jáde ní 2007. Ẹ̀dà kejì ni Linux dúró sí.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ka ìwé pélébé náà, kí wọ́n sì kọ̀wé béèrè ohun tí ó jẹ́ tiwọn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ń ṣe kámẹ́rà tàbí ẹ̀rọ mìíràn fún títà, bí ẹ bá fi Linux sí i, ẹ fi kóòdù rẹ̀ lé oníbàárà lọ́wọ́. Ẹni tí wọ́n bá ro oko, kí ó má gbàgbé oko ẹlòmíràn.